External 4TB kan, ẹ̀rọ gémù mẹ́ta: ṣé ó ṣeé pín?

PádìMéjì_Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. External hard drive 4TB kan ló wà nílẹ̀, irú kékeré tó ń gba iná látinú okùn USB nìkan, kò ní adapter tirẹ̀. Àwọn tó fẹ́ jẹ nínú rẹ̀ nìyí: PS4 Slim kan, Xbox One S kan, PS3 àtijọ́ kan, àti laptop tí fíìmù ti kún inú ẹ̀.

Mo ti fi Disk Management inú Windows pín in sí mẹ́ta: 2TB fún PS4, 1TB fún Xbox, ìyókù, tí Windows pè ní 653GB, fún fíìmù àti PS3. exFAT (ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí hard drive) ni mo fọ́máàtì gbogbo wọn sí. Nígbà tí mo so ó mọ́ PS4, ó rí i, àmọ́ ó ní gbogbo nǹkan tó wà lórí ẹ̀ lòun máa nù kóun tó lè lò ó. Gbogbo ẹ̀ o, kì í ṣe ìpín tirẹ̀ nìkan. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan. Fíìmù ti wà lórí ìpín kẹta, kò sì ní ẹ̀dà míì. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe? Àti pé kí ló dé tó jẹ́ 653GB ló ṣẹ́ kù nínú 4TB?

Bọ̀dáÒtígba

Ẹ má tẹ OK o. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára PS4 yẹn, kí ẹ lọ kó fíìmù síbòmíì ná ká tó sọ̀rọ̀.

Ẹ ti kó o? Ó dáa. Bí ẹ ṣe pín in ò burú lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ̀rọ gémù òde òní ni ò ka ìpín sí. PS4 kì í ṣe ayálégbé tó máa gba yàrá kan nínú face-me-I-face-you. Gbogbo ilé ló máa gbà, á sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ géètì. Bẹ́ẹ̀ ni Xbox One rí, bẹ́ẹ̀ ni PS5 rí, Wii U tó ti darúgbó náà ò yàtọ̀. Tí ẹ bá ti lè ní kí PS4 fọ́máàtì báyìí, ìlà tí ẹ fi Windows fà á pa rẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ọ̀kan, á sì tò ó lọ́nà tirẹ̀ tí Windows ò lè kà.

Ohun tí PS4 ń béèrè ò pọ̀: hard drive tí kò kéré sí 250GB, tí kò sì ju 8TB lọ, kó jẹ́ USB 3.0, kí ẹ so ó mọ́ ara ẹ̀rọ gan-an, kó má gba inú hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kọjá. Version 4.50 tó jáde lọ́dún 2017 ló mú àǹfààní yìí wá. Bí PS4 tí wọ́n tà fún yín bá ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ láìrí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ ṣe update fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń lò lẹ́ẹ̀kan. Xbox One ní tiẹ̀, USB 3.0 náà ló ń fẹ́, àmọ́ òun lè lo mẹ́ta pa pọ̀.

Nípa 653GB yẹn, ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan yín. Ẹni tó ṣe hard drive ka 1TB sí 1,000,000,000,000 byte. Windows ní tirẹ̀ ń fi 1,024 ka nǹkan. 4TB tí wọ́n kọ sára páálí, 3.63TB ni Windows ń pè é. Ẹ wá gé 2TB àti 1TB kúrò nínú ẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò Windows. Ohun tó kù nìyẹn.

OlówóDátà_Yàbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ṣeé ṣe kéèyàn jẹ́ kí PS4 kọ́kọ́ fọ́máàtì gbogbo ẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá fi software tó ń pín hard drive dín ti PS4 kù lórí kọ̀ǹpútà, kó fi àyè tó bá ṣẹ́ kù ṣe NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fúnra rẹ̀ ń gbà to fáìlì? Mo rí ibi tí ẹnì kan kọ ọ́ sí bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dáÒtígba

Àbúrò, ẹni tó kọ ọ́ ò dán an wò. Kí software tó lè dín ìpín kù, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan sùn sí, kó lè kó àwọn tó wà lẹ́yìn wá síwájú kó tó gé ẹ̀yìn dànù. Tó bá dé orí ti PS4, kò ní mọ orí yàtọ̀ sí ìrù. Ohun tó kàn máa ṣe ni pé á kọ àkọsílẹ̀ ìpín tuntun lé èyí tó wà níbẹ̀ lórí. Ẹ dá a padà sára PS4, á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, kí ẹ fọ́máàtì.

Ti Xbox ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù, torí NTFS gan-an ni Xbox One ń lò lábẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tó ṣe: byte méjì ló máa ń parí sector (ègé kékeré tí wọ́n ń kọ dátà sí) àkọ́kọ́ lórí hard drive tí Windows bá mọ̀, 55 AA. Xbox ń kọ 99 CC síbẹ̀. Byte méjì péré. Windows á dé ibẹ̀, á rí nǹkan àjèjì, á ní kí ẹ ṣe Initialize Disk. Ibẹ̀ yẹn ni gémù ti ń lọ: èèyàn rí àpótí kékeré náà lójú kọ̀ǹpútà, ó rò pé ìbéèrè lásán ni, ó tẹ OK. Cancel ni kí ẹ tẹ̀, nígbà gbogbo, yálà ti Xbox ni o tàbí ti PS4.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi script yí 99 CC yẹn sí 55 AA kí kọ̀ǹpútà lè kà á, wọ́n á sì tún yí i padà fún Xbox. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀bù gémù jẹun, kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbàgbé yí i padà, oníbàárà á ti jókòó, á ti sanwó, Xbox á ní òun ò rí gémù kankan.

ÀdùkẹTẹki

Ẹ jẹ́ kí n gba ti PS3 sọ, torí nínú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ dárúkọ, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbé.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé PS3 kì í fi gémù sórí external. Inú ara rẹ̀ ni gémù ń wà. Tí àyè bá há, hard drive inú rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀, 2.5-inch SATA ni. External wà fún orin, fíìmù, àwòrán àti backup nìkan. FAT32, ọ̀nà ìtòfáìlì àtijọ́ kan, ló sì mọ̀. Kò mọ NTFS, kò mọ exFAT. Ìdí nìyẹn tí ìpín exFAT tẹ́ ẹ ṣe fún un ò fi ní hàn láéláé.

FAT32 ní àléébù kan tó ń dun èèyàn: fáìlì kan ṣoṣo ò lè ju 4,294,967,295 byte lọ, ìyẹn 4GB dín byte kan. Fíìmù 6GB ò ní wọlé, bí 400GB tiẹ̀ ṣófo níbẹ̀. Windows sì tún ń ṣe agídí tirẹ̀: lórí ìpín tó bá ju 32GB lọ, àpótí Format ò ní fi FAT32 hàn yín rárá. Kì í ṣe pé FAT32 ò lè gba jù bẹ́ẹ̀, àpótí yẹn ni ò fẹ́ ṣe é. Guiformat ni kẹ́ ẹ lò, software kékeré ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan lẹ́tà hard drive náà, ẹ fi Allocation unit sí 32768, ẹ tẹ Start. Lórí Linux, `mkfs.vfat -F 32 -s 64` ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Xbox 360 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́, fún ẹni tó bá ṣì ní in. Láti 2015 ló ti ń gba USB tó 2TB. Tẹ́lẹ̀, 32GB ni òpin rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yan Customize dípò Configure Now, ẹ lè sọ iye tó máa mú, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún orin.

Switch ńkọ́, kí ẹnì kan má baà béèrè: kò gba hard drive rárá. microSD ló ń lò. Ó tán.

PádìMéjì_Ṣómólú

Ẹ ṣé, àǹtí. Mo wá ń rò ó pé, ṣé mi ò kúkú lè sọ 4TB yìí di MBR (irú àkọsílẹ̀ ìpín ti àtijọ́), kí n gé 200GB ní FAT32 síwájú fún PS3, kí n fi ìyókù ṣe NTFS fún fíìmù, kí n sì ra òmíràn fún PS4?

ÀdùkẹTẹki

Ẹ ò ní gbádùn ẹ̀. Nọ́ńbà sector tí MBR lè kọ sílẹ̀ ò ju 4,294,967,296 lọ. Ẹ fi 512 byte sọ ọ́ di púpọ̀, 2,199,023,255,552 byte ló máa jẹ́. Gbogbo ohun tó bá kọjá ibẹ̀ lórí 4TB yín á kàn dùbúlẹ̀ bí ilẹ̀ tí kò níwèé. Disk Management á kọ Unallocated sí i, tẹ́ ẹ bá sì fi mouse tẹ̀ ẹ́, New Simple Volume á ṣú, kò ní ṣeé tẹ̀. GPT, irú àkọsílẹ̀ ìpín ti òde òní, ló ń gba hard drive ńlá, PS3 ò sì mọ GPT. Torí náà, fún PS3, ẹ wá 500GB àtijọ́ kan. 4TB ò yẹ ẹ́.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láàmú. Àwọn external ńlá kan wà tí bọ́ọ̀dù kékeré inú ilé wọn ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé sector òun jẹ́ 4,096 byte dípò 512. Pẹ̀lú irọ́ yẹn, MBR á kọjá 2TB wọ́ọ́rọ́. Ó dáa títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá tú u, tó yọ hard drive inú ẹ̀, tó sì fi sínú ilé míì tí kì í purọ́. Ìṣirò gbogbo ìpín á yí padà, kọ̀ǹpútà á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Fáìlì ò lọ ibì kankan. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ dá a padà sínú ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó pariwo pé dátà ti lọ.

Alábà_Okùn

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ fọ́máàtì látàárọ̀, ẹ ò tíì sọ ti okùn. Ọ̀pọ̀ hard drive tí wọ́n ń gbé wá pé ó ti kú, okùn ló pa á.

Ẹ wo ẹnu external yín. Ihò rẹ̀ fẹ̀, ó rí bí ìgbà tí wọ́n lẹ ihò méjì mọ́ra, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Micro-B USB 3.0 nìyẹn. Okùn fóònù àtijọ́ máa wọ apá tó tóbi yẹn láìsí wàhálà. Iná á tàn, hard drive á yí, fíìmù á ṣí lórí laptop. Àmọ́ USB 2.0 ló ń bá a sọ̀rọ̀ lójú yẹn, torí irin márùn-ún tó wà nínú apá kékeré ò kan nǹkan kan. PS4 á ní hard drive yìí ò bá òun mu. Èèyàn á lọ fọ́máàtì ẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kò sì ní yí padà.

Iná ńkọ́? Ihò USB 3.0 ń fúnni ní 900mA lórí 5V, ìyẹn 4.5W. 2.0 ò ju 500mA lọ. Ìgbà tí hard drive 2.5-inch ń fẹ́ iná jù ni ìgbà tí àwo inú rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tí okùn bá gùn, tó sì tín-ín-rín, iná á ti dín kù kó tó dé ibẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ká, ká, ká, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Okùn 50cm ti tó. Èyí tó gùn ní mítà méjì tí wọ́n ń tà fún ọgọ́rùn-ún mélòó kan náírà, ẹ fi gba agbára fún fóònù.

Èyí tó ní adapter 12V, àwọn 3.5-inch ńláńlá, ní wàhálà tirẹ̀ ní Èkó yìí. Ẹlòmíì á fi PS4 sórí UPS, á sì ki adapter hard drive bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. NEPA mú iná lọ, PS4 ò kú, hard drive kú láàárín gémù. Ìyẹn burú ju kí méjèèjì kú pa pọ̀ lọ, torí PS4 ṣì ń kọ nǹkan sórí ohun tí kò sí mọ́. Orí UPS kan náà ni kí méjèèjì wà. 165W ni wọ́n kọ sára PS4 Slim pé ó lè fà jù. UPS 650VA á gbé òun àti adapter náà fún ìṣẹ́jú tó tó láti pa á dáadáa. Ẹ má fi tẹlifíṣọ̀n ńlá kún un.

Ẹ má sì gbé external lé PS4 lórí. Ooru ẹ̀rọ náà tó fún un, kò nílò àfikún.

OlówóDátà_Yàbá

Bọ̀dá, ihò wo lára PS5 ló dáa? Mo fẹ́ gba PS5 ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, èyí tó ní disc. Ṣé mo lè yọ hard drive PS4 mi kí n kàn so ó mọ́ ọn?

Alábà_Okùn

Ihò ẹ̀yìn. Lára PS5 àkọ́kọ́ yẹn, USB-A tó wà níwájú, 2.0 ni, kò yá tó. Pádì ni kó o máa fi gba agbára níbẹ̀.

Bọ̀dáÒtígba

O lè so ó bẹ́ẹ̀, PS5 ò ní ní kó o fọ́máàtì. Wọlé pẹ̀lú account tó o fi ra gémù, gémù PS4 á ṣí tààrà látorí external. Èyí tó bá jẹ́ ti disc, disc gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ.

Gémù PS5 ni ò ní ṣí lórí rẹ̀. Láti April 2021 lo ti lè tọ́jú gémù PS5 sórí external USB, àmọ́ kó tó di pé o gbá a, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó o padà sínú ẹ̀rọ. Ó ṣì dáa ju kéèyàn máa fi dátà tún gémù 90GB wà lọ. Ohun tó lè gbé gémù PS5 lóòótọ́ ni M.2 SSD tí wọ́n ń fi sínú ikùn ẹ̀rọ, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì. Xbox Series X àti S náà gba ọ̀nà yìí: gémù Xbox One ń ṣí lórí USB, ti Series kàn ń sùn síbẹ̀ ni.

Ìyá_Joystick

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé 4TB yẹn jẹ́ 4TB. Ṣé ó dájú?

Tó bá jẹ́ pé tokunbo ni, tàbí pé owó rẹ̀ kéré jù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fún PS4, torí tí PS4 bá ti gbà á tán, kọ̀ǹpútà ò ní rí inú ẹ̀ mọ́. Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, CrystalDiskInfo, software tó ń sọ bí ara hard drive ṣe le sí. Ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6: odo ló yẹ kó wà níbẹ̀. 05 ni iye ibi tó ti bàjẹ́ tí hard drive ti fi òmíràn rọ́pò. C5 ni èyí tó ń ṣiyèméjì lé lórí. Tí C5 bá ń pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má rà á, tẹ́ ẹ bá sì ti rà á, ẹ dá a padà. C7 ní tiẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn hard drive, okùn àti ihò inú ilé rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹ ṣọ́ra: nọ́ńbà Raw Values tó ń fi hàn, hexadecimal ni ó ń bá wá, ìyẹn ìkànyè tó ń fi mẹ́rìndínlógún ka nǹkan dípò mẹ́wàá. 10 tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, 16 ni.

Ìkejì ni H2testw. Á kọ dátà kún hard drive bámúbámú, á tún kà á padà, á sì sọ iye tó jẹ́ òótọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé kò yá: tó bá ń kọ 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 4TB á gba nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá láti kọ, á sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bẹ́ẹ̀ láti kà. Ẹni tí iná ò dúró fún kó má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ fún àwọn SSD 16TB tí kò ju àtàǹpàkò lọ tí wọ́n ń gbé kiri, ẹ má tiẹ̀ fi àkókò ṣòfò. Káàdì kékeré kan ló wà nínú wọn, wọ́n ti kọ́ ọ kó máa pe ara rẹ̀ ní 16TB. Ẹ kó gémù mẹ́ta sórí ẹ̀, á gbà á. Ìkẹrin á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lé àkọ́kọ́ lórí.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á n'Íkẹjà, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ laptop lójú yín, kẹ́ ẹ wo CrystalDiskInfo. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

PádìMéjì_Ṣómólú

Tuntun ni, mo sì ti wò ó: 05, C5, C6, odo ni gbogbo wọn. Mo ti gbà báyìí pé PS4 ló ni 4TB. Ẹ̀gbọ́n Òtígba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ to ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún mi, títí kan ti hard drive 500GB tó wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fún PS3 àti laptop.

Bọ̀dáÒtígba

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 500GB, torí òun ló lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ yọ gbogbo external àti fúláàsì míì kúrò lára laptop. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator:

```
diskpart
list disk
```

Ẹ dúró níbí. Ẹ má wo nọ́ńbà, ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ wò. 500GB á hàn bíi 465 GB. Bó bá jẹ́ Disk 1 ni lónìí, ó lè jẹ́ Disk 2 lọ́la. Tí hard drive inú laptop náà bá jẹ́ 465 GB, ẹ yọ external, ẹ tún tẹ `list disk`, èyí tó bá pòórá ni tiyín. Lẹ́yìn náà (nọ́ńbà tiyín ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò 1 tó wà níbí):

```
select disk 1
clean
convert mbr
create partition primary size=204800
assign letter=P
create partition primary
format fs=ntfs quick label=FIIMU
assign letter=Q
exit
```

`clean` kì í béèrè pé ṣé ó dá yín lójú. Ẹ tẹ Enter, ó ti tán. `clean all` yàtọ̀ sí i, ìyẹn ń kọ odo sí gbogbo ojú hard drive, wákàtí ló ń gbà, ẹ ò nílò ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á. 204800 yẹn, MB ni, 200GB nìyẹn. Ti PS3 ló wà níwájú. Ẹ wá fi guiformat ṣe P ní FAT32 bí Àdùkẹ́ ṣe sọ. Windows lè sọ láàárín kan pé kẹ́ ẹ fọ́máàtì P, Cancel.

Ó ku 4TB. Ẹ ò ní láti ṣe nǹkan kan fún un lórí kọ̀ǹpútà, PS4 fúnra rẹ̀ ló máa nù ún. Tí PS4 bá kọ̀ tí kò rí i rárá nìkan, ẹ padà sórí kọ̀ǹpútà, ẹ `clean` ẹ̀, ẹ `convert gpt`, ẹ ṣe ìpín exFAT kan ṣoṣo sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú.

Lórí PS4: Settings, Devices, USB Storage Devices, ẹ yan hard drive náà, Format as Extended Storage. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni. Látìgbà náà, gémù tuntun á máa lọ sórí ẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí Settings, Storage, System Storage, Applications, ẹ tẹ OPTIONS, Move to Extended Storage, kẹ́ ẹ fi àmì sí iye tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí iná ò dúró. Mẹ́ta, mẹ́rin.

Save, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tẹ́ ẹ gbá gémù dé, ò ní bá gémù lọ. Inú ẹ̀rọ ló ń wà. Bí PS4 bá kú, external á wà láàyè, ẹ ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo gémù. Torí náà, ẹ wá fúláàsì exFAT kan lọ́tọ̀, ẹ lọ sí Application Saved Data Management, Saved Data in System Storage, Copy to USB Storage Device. Kó wà nínú dúróò.

Ẹ má kún 4TB yẹn dẹ́nu. Tí PS4 bá ń ṣe update gémù kan, á kọ́kọ́ da gémù náà kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó pa ti àtijọ́ rẹ́. Gémù 50GB lè fẹ́ nǹkan bíi 50GB mìíràn tó ṣófo fún update tí kò ju 1GB lọ. Ibi tó ti ń kọ Copying tí kò sì tètè tán nìyẹn. Ẹ fi 200GB sílẹ̀.

OlówóDátà_Yàbá

Tí wọ́n bá wá mú iná lọ níbi tó ti ń ṣe Copying ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Bọ̀dáÒtígba

Lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ bá tún un tàn, á ní wọn ò pa òun dáadáa, á yẹ hard drive wò, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó parí, bó tiẹ̀ pẹ́. Ẹ má yọ okùn.

Tí gémù bá wá di èyí tí wọ́n fi àgádágodo sí, tàbí tí ẹ̀rọ bá ń lọ́ra, ẹ pa á pátápátá. Ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ bíìpù kejì, bíi ìṣẹ́jú-àáyá méje. Safe Mode nìyẹn. Ẹ fi okùn so pádì mọ́ ọn, torí Bluetooth ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ yan ìkarùn-ún, Rebuild Database. Kì í pa gémù rẹ́. Ẹ má ṣèèṣì tẹ Initialize tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ o, ìyẹn ló ń nu ẹ̀rọ.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yọ external nígbà tí PS4 ṣì tàn, ẹ tẹ bọ́tìnì PS mọ́lẹ̀, Sound/Devices, Stop Using Extended Storage, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Rest Mode, ìyẹn ìgbà tí PS4 ń sùn, kì í ṣe pípa. Ẹni tó bá fà á yọ nínú Rest Mode ti fà á yọ lẹ́nu iṣẹ́ ni.

PádìMéjì_Ṣómólú

Mo ti ṣe é. 500GB: P jẹ́ FAT32, PS3 rí i, Q jẹ́ NTFS, fíìmù ti wọ ibẹ̀. PS4 ti gba 4TB. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kò bá òun mu. Mo wo okùn, okùn fóònù ni ẹnì kan ti fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi tirẹ̀ padà, ó gbà á. Gémù mẹ́ta ti kọjá, ìkẹrin ń lọ lọ́wọ́, UPS wà lábẹ́ àwọn méjèèjì.

Ó ku Xbox. 1TB tuntun ni mo máa wá fún un.

Ìyá_Joystick

Kó má jẹ́ SSD àtàǹpàkò o.